Jíìnì S ò tán nílẹ̀: ẹ jẹ́ ká fi Excel wo ìdí ẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Jíìnì S tó ń fa fòníkú-fọ̀ladìde yìí, tó ti pa ọmọ àìmọye, kí ló dé tí ò tíì tán láàrin wa? Láyé àtijọ́ ọmọ SS, ìyẹn ọmọ tó gba S lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, kì í sábà dàgbà débi tó máa bímọ, nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní àbíkú nígbà yẹn SS á wà níbẹ̀, síbẹ̀ ní Nàìjíríà lónìí, nínú èèyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnìkan jẹ́ AS, ìyẹn S kan, A kan. Anthony Allison, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ló kọ ọ́ síta ní 1954, lẹ́yìn iṣẹ́ tó ṣe ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, pé ibà ò rí ọmọ AS gbé ṣe bó ṣe ń ṣe ọmọ AA tí ò ní S rárá.

Ẹ ṣí Excel yín. Ẹ tẹ 0.01 sínú B2, ìyẹn ni pé nínú 100 jíìnì tó wà nílùú, ẹyọ kan ni S. Ẹ tẹ 0.15 sínú E2. Èmi ni mo mú nọ́ńbà yẹn fún àpẹẹrẹ o, ó túmọ̀ sí pé tí 100 ọmọ AS bá yè tí wọ́n dàgbà bímọ, nínú iye ọmọ AA kan náà 85 péré ló máa débẹ̀, ibà á ti gbé ìyókù lọ. Ní ti SS, a gbà pé ìkankan ò bímọ, kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí, ọpẹ́ ni fún ìtọ́jú, àmọ́ ìran àtijọ́ là ń ṣírò.

Ó yá, inú B3, ibi tí iye S ní ìran tó tẹ̀ lé e máa wà:

=B2/((1-$E$2)+(1+$E$2)*B2)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé dọ́là yẹn. Láìsí i, B3 máa jáde dáadáa, 0.0116, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fà á wálẹ̀, Excel á lọ wo E3 tí nkankan ò sí níbẹ̀, á kà á sí òdo, nọ́ńbà yín á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀.

Ẹ fà á dé B42, 40 ìran nìyẹn. Ní ìran ogún ó ti di 0.089, ní ogójì 0.128, lẹ́yìn ìyẹn ó jókòó sí 0.13, kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Ibí yìí ló máa ń dùn mọ́ mi jù! Ibà ń tì í sókè, ikú ọmọ SS ń fà á wálẹ̀, ibi tí méjèèjì ti dọ́gba ló dúró sí. Ẹ ṣe 2*0.13*0.87 (0.87 ni ti jíìnì A, 2 sì ni torí pé S lè wá láti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ìyá), ẹ máa rí 0.226, AS bíi 23 nínú 100, ẹ fi wé ẹnìkan nínú mẹ́rin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ku ìkan. Ẹ fi 0.13 sí B2, kẹ́ ẹ sọ E2 di 0, bí ìgbà tí gbogbo ìlú kó lọ síbi tí ò síbà. Ní ìran kẹwàá ó ti já sí 0.057. Ní Amẹ́ríkà, nínú ọmọ aláwọ̀ dúdú 13 tí wọ́n bí, bí ẹyọ kan ló ń jẹ́ AS, àmọ́ ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé àìsí ibà nìkan ló fà á, torí ibi tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá wọn yàtọ̀ síra, ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti dà pọ̀ mọ́ tàwọn mìíràn, ìyẹn ò sí nínú fọ́múlà wa yìí, kọ́lọ́ọ̀mù C la máa fi ṣe é nínú fídíò tó ń bọ̀.