Bí ojú ẹni tó ti àjò dé bá pọ́n

Okun o, ẹ̀yin ará ilé, láti Kàbà dé Ìsánlú, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mọ̀pà. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àjò dé ni mo gbé wá. Ó lè jẹ́ Èkó ló ti dé, tàbí oko kòkó lápá Oǹdó, tàbí Íńdíà. Ara rẹ̀ gbóná, oúnjẹ kò wù ú, èébì ń gbé e. Ará ilé á ní ibà lásán ni.

Ẹ mú un jáde síta lójú ọ̀sán, torí iná gílóòbù máa ń tan ojú jẹ. Ẹ rọra fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, kí ẹ wo funfun ojú. Tó bá ti yẹ́lò (ìyẹn ni mò ń pè ní ojú pọ́n), tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi Coke, ẹ̀dọ̀ ni kí ẹ fura sí. Ẹ̀dọ̀ ló ń kó ìdọ̀tí yẹ́lò tó ń wá láti ara ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó, tó ń dà á sínú òróòro. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti ṣe é léṣe, ìdọ̀tí náà á padà sínú ẹ̀jẹ̀, á hàn lójú àti nínú ìtọ̀.

Ìgbà yìí gan-an ni ìyá á gbé àgbo kaná. Ìfẹ́ ọmọ ló ń ṣe é, mo mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀dọ̀ yẹn kan náà ni yóò tún máa bá àgbo jà, àwọn ewé àti egbò kan sì máa ń pa á lára. Paracetamol náà, tó bá ju 4 gíráàmù lọ lóòjọ́, ìyẹn hóró 8 oní 500 mílígíráàmù, ó lè ba ẹ̀dọ̀ tó le koko pàápàá jẹ́. Ti ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n, dókítà ni kó sọ iye tó máa lò. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen rárá, torí ẹ̀jẹ̀ lè máa dà.

Ní ọsibítù, ẹ sọ ibi tó lọ àti ọjọ́ tó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n tó bèèrè. Ọjọ́ yẹn ń tọ́ dókítà sọ́nà. Ibà pọ́njú (yellow fever) tí ẹ̀fọn ń gbé kiri kì í ju ọjọ́ 3 sí 6 lọ kó tó yọjú. Ibà Lassa láti ara eku lè gbà tó ọjọ́ 21, ó sì ń bá ẹ̀dọ̀ jà láìjẹ́ pé ojú pọ́n. Mẹ́dọ̀wú A (hepatitis A), tó ń gba inú omi àti oúnjẹ wọlé, ọjọ́ 15 sí 50 ni. Mẹ́dọ̀wú E náà ń gba inú omi wọlé, ó lè pa aláboyún tó wà ní oṣù mẹ́ta ìgbẹ̀yìn. Aláboyún kankan kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la. Mẹ́dọ̀wú B lè fara pa mọ́ tó oṣù 6. Kí wọ́n yẹ ibà ẹ̀fọn (malaria) náà wò, òun náà máa ń pọ́n ojú.

Bó bá ń sọ ìsọkúsọ, tó ń sùn ṣáá lọ́sàn-án, tàbí tí èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ lóru yẹn. Tó bá jẹ́ pé Lassa ni wọ́n fura sí, ará ilé tó fọwọ́ kan èébì tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa yẹ ara rẹ̀ wò fún ọjọ́ 21. Tó bá jẹ́ mẹ́dọ̀wú A, ẹ tètè bèèrè àjẹsára fún àwọn tó ń jẹun pẹ̀lú rẹ̀. Ó ṣì wúlò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.