Afárá Mẹ́fà Èkó Nínú Ẹ̀kọ́ Gíráàfù

Ẹ mú bébà àti bírò. Gíráàfù tí a ó yà lónìí kì í ṣe ti ìlà x àti y tí wọ́n kọ́ wa ní sẹ́kọ́ńdìrì. Kókó àti okùn ni tiwa: kókó dúró fún ibi kan, okùn dúró fún ohun tó so ibi méjì pọ̀.

Ẹ to kókó mẹ́ta láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ kọ M sára èkíní, ìyẹn Mainland. E sára ìkejì, Ìsàlẹ̀ Èkó pẹ̀lú Ìkòyí. V sára ìkẹta, Victoria Island pẹ̀lú Lẹ́kí. Láàárín M àti E, ẹ fa okùn mẹ́ta: Carter Bridge láti Ìdó sí Ìdúmọ̀tà, Eko Bridge láti Ìjọra sí Apọ́ńgbọ̀n, àti Third Mainland tó gbéra ní Òwòròǹṣòkí. Láàárín E àti V, mẹ́ta náà ni: Independence Bridge, Falomo, àti afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí. Third Mainland gùn ju kìlómítà 11 lọ, síbẹ̀ okùn kan péré ni, bíi ti Falomo. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi àkókò ṣòfò, tí wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa ya gígùn rẹ̀. Gígùn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá.

Ìbéèrè wá ni pé: ṣé mọ́tò kan lè gba orí afárá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọjá, kó má sì gba ọ̀kankan lẹ́ẹ̀mejì?

Ẹ má fi ìka wá ọ̀nà kiri. Iye okùn tó wà lára kókó kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ kà. M ní 3, E ní 6, V ní 3. Ẹ ro ó pọ̀: 12, ìyẹn afárá mẹ́fà lọ́nà méjì, torí okùn kọ̀ọ̀kan ní orí méjì. Bí kò bá bá a mu, okùn kan ti sọnù nínú àwòrán yín.

Ìdí tí a fi ń kà á rèé. Bí ẹ bá kọjá ní kókó kan, okùn kan lẹ fi wọlé, òmíràn lẹ fi jáde. Méjì-méjì ni wọ́n ń lọ. Bí ó bá wá ṣẹ́ku ẹyọ kan tí kò ní ìkejì, ibẹ̀ lẹ ti gbéra, tàbí ibẹ̀ lẹ parí sí. Ìrìn kan kò sì ní ju ìbẹ̀rẹ̀ kan àti òpin kan lọ. Nítorí náà, kókó tó ṣẹ́ku ẹyọ kan kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń fi méjì pín nǹkan lè gbé ẹ̀rí yìí kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó mú un dára gan-an nìyẹn. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, ló fi í yanjú ọ̀rọ̀ afárá 7 ìlú Königsberg, irú ìbéèrè tiwa yìí gan-an, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tọdún 1736. Níbẹ̀, ilẹ̀ mẹ́rin ni. Ọ̀kan ní afárá 5, àwọn yòókù ní 3-3. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣẹ́ku ẹyọ kan, kò ṣeé rìn.

Tiwa ṣeé rìn: M àti V nìkan ló ṣẹ́ku ẹyọ kan, torí náà ọ̀kan nínú wọn lẹ ó ti gbéra, ìkejì lẹ ó parí sí. Ẹ gbéra ní Mainland: Third Mainland lọ, Carter bọ̀, Eko Bridge lọ, Independence, Falomo padà sí Ìkòyí, ẹ wá gba afárá Lẹ́kí parí rẹ̀. Àmọ́ bẹ́ ẹ bá gbéra ní Ìdúmọ̀tà, ẹ ó há. Ẹ dán an wò: Carter, Eko Bridge, Third Mainland, ẹ ti wà ní Òwòròǹṣòkí, kò sí afárá tẹ́ ẹ lè fi jáde mọ́, mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀ tẹ́ ò tíì gùn.

Ẹni tó gbéra ní Mainland tó sì fẹ́ padà sílé ńkọ́? Yóò tún afárá méjì gùn, ọ̀kan láti V sí E, ọ̀kan láti E sí M; ó di mẹ́jọ. Irú ìṣirò yìí, Guan Meigu ará Ṣáínà ló gbé e jáde lọ́dún 1960, nípa ẹni tó ń pín lẹ́tà, tó fẹ́ gba gbogbo òpópónà kó sì padà sí ọ́fíìsì láìrìn jù. Ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí ní Súrùlérè lè lò ó, ṣùgbọ́n níbi tí òpópónà bá ti jẹ́ wọ́ńwéè, ọfà lẹ máa yà, kì í ṣe okùn lásán: iye ọfà tó wọ kókó kan gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú èyí tó jáde.

Ó ku okùn kan. Fourth Mainland Bridge tí ìjọba ti ń gbèrò láti ọjọ́ pípẹ́, láti apá Lẹ́kí lọ sí Ìkòròdú, ẹ fà á láti V sí M. Ẹ tún un kà: M di 4, E ṣì jẹ́ 6, V di 4. Kò sí èyí tó ṣẹ́ku ẹyọ kan mọ́. Ẹ gbéra níbi tó bá wù yín, ẹ gun méjèèje lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó padà síbi tẹ́ ẹ ti gbéra.