Bẹ́ ẹ ṣe máa rin igbó Lekki tẹ́ ẹ máa rí ẹranko (ẹ má gbé Gala dání o)

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin lẹ fa fídíò yìí o. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò awọ́nríwọ́n yẹn síbí lẹ ò ti jẹ́ n sinmi, ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé "ẹ̀gbọ́n, àwa náà lọ síbẹ̀, ọ̀bọ kan ṣoṣo la rí, òun náà tún kọ̀dí sí wa." Mo rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú mi. Kò kọ̀dí sí yín lásán. Bẹ́ ẹ ṣe ń rìn lọ́jà Balógun lẹ ṣe ń rìn nínú igbó, ṣé kò ní sá fún yín ni?

Ó dáa. Ibi tí mo wà yìí ni Lekki Conservation Centre, òdìkejì Chevron lójú títì Lekki sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1990, Nigerian Conservation Foundation, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, ló ni ín, hẹ́kítà 78 ni. Ṣé ẹ rí gbogbo ilé tó yí i ká yẹn, ẹ́sítéètì, ṣọ́ọ̀bù, ilé epo? Igbó ni gbogbo ẹ̀ tẹ́lẹ̀, igbó àbàtà, igbó ọ̀pẹ, òkun lápá ọ̀hún, ọ̀sà lápá ibí. Èyí tó ṣẹ́kù tí wọ́n fi ọgbà ká nìyí. Torí náà ẹni tó bá sọ fún mi pé kò séranko níbẹ̀, mo máa ń bi í pé níbo ni wọ́n fẹ́ lọ? Wọ́n fẹ́ wọ BRT ni?

Ká bẹ̀rẹ̀. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ wá. Wọ́n máa ń ṣí ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, kó bá yín lẹ́nu géètì. Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ̀yin ará Agége, ẹ mọ gósílóò yín, ẹ tètè jí. Tó bá fi máa di ọ̀sán, oòrùn á ti mú, ẹranko á ti lọ fẹ̀yìn lélẹ̀, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé á ti dé, ariwo "Uncle, monkey!" á gba gbogbo igbó. Mi ò bínú sáwọn ọmọdé o, àwọn ni kí wọ́n máa wá. Ẹ̀yin àgbàlagbà tẹ́ ẹ ń gbé spíkà wọ igbó lẹ ń bí mi nínú.

Ṣòkòtò gígùn, bàtà kańfáàsì tó ní eyín nísàlẹ̀, ìpara ẹ̀fọn, omi. Mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn, ẹ kì í ṣọmọdé. Ẹyọ kan ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, pákó tá a máa rìn lórí ẹ̀ yìí, orí àbàtà ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, tójò bá ti rọ̀ sí i, ó ń yọ̀ bí ilá. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo wọ sílípáàsì wá lọ́jọ́ kan nínú oṣù Keje torí mo rò pé mo ti di onígbó, ìdí ni mo fi jókòó, gbì! Ìyàwó àfẹ́sọ́nà kan ló fà mí dìde, ọkọ rẹ̀ ń ká mi sí fóònù.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Ẹ MÁ GBÉ OÚNJẸ WỌNÚ IGBÓ. Ẹ má gbé náílọ́ọ̀nù wọnú igbó. Ọ̀bọ ibí yìí mọ ìró náílọ́ọ̀nù ju bẹ́ ẹ ṣe mọ ìró owó tó wọ àkáǹtì yín lọ. Àbúrò mi tó ń gbé kámẹ́rà yìí, ẹ má wojú ẹ̀, ojú ń tì í, ó ra Gala ní gósílóò lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá mi wá, ó tọ́jú ẹ̀ sí àpò ẹ̀yìn. Mò ń sọ fáwọn èèyàn pé ìgalà wà nínú igbó yìí, ni ọ̀gá bá na ọwọ́ sí àpò, ó ní "ẹ̀gbọ́n, èmi ní kan." Kó tó pa ẹnu dé, ọ̀bọ ti sọ̀ kalẹ̀, ó já a gbà, ó ti wà lórí igi, ó ń bó o bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni o, àmọ́ kò dáa rárá, torí ọ̀bọ tó bá ti kọ́ jíjá nǹkan gbà máa ya ọmọ ẹlòmíì lọ́wọ́ lọ́la, wọ́n á sì ní ọ̀bọ ló burú.

Ó yá, a ti wọlé. Ẹ jẹ́ n rẹ ohùn sílẹ̀.

Àṣírí mi rèé, òun ló gbé mi débi tí mo dé. Ẹ DÚRÓ. Ó tán. Ẹsẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń rí ẹranko, dídúró ni. Ibi tí ọ̀nà bá ti fẹ́ ṣẹ́ kọ́ọ̀nà, ẹ dúró kẹ́ ẹ tó yọ, kẹ́ ẹ ka ení dé ọgọ́ta nínú ọkàn yín, láì sọ̀rọ̀, láì yọ fóònù. Tẹ́ ẹ bá ń rìn, ẹyẹ á dákẹ́, ọ̀kẹ́rẹ́ á lẹ̀ mọ́ igi, gbogbo igbó á di ẹ̀mí mú dè yín. Tẹ́ ẹ bá ti dúró tó ìṣẹ́jú kan, wọ́n á gbàgbé yín, oníkálukú á padà sídìí òwò ẹ̀. Ẹ má sì wá ẹranko o, ewé ni kẹ́ ẹ máa wò. Gbogbo ewé á dúró jẹ́, ọ̀kan á máa mì, àbí ẹ̀ka kan á tẹ̀ balẹ̀ á tún ta sókè. Ibẹ̀ ni ọ̀bọ wà.

Ẹnì kan bi mí lọ́sẹ̀ tó kọjá pé irú ọ̀bọ wo ni. Mona làwọn òyìnbó ń pè é. Ẹ̀yìn ẹ̀ pupa rúsúrúsú, ikùn ẹ̀ funfun. Ẹ̀yin tó kọ̀dí sí, ẹ má bínú, ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa dá a mọ̀, ó ní àmì funfun méjì roboto, ọ̀kan lọ́tùn-ún ìrù, ọ̀kan lósì. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ tó bá ń jẹun, ó ń wú, àpò wà níbẹ̀ tó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí, á kó o tán á lọ jókòó síbi tọ́kàn ẹ̀ ti balẹ̀ jẹ ẹ́. Irú wọn wà ní erékùṣù Grenada lọ́hùn-ún títí dòní, ọkọ̀ ẹrú ló kó wọn débẹ̀. Tó bá wò yín, ẹ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ẹ má sì fi eyín hàn án, ẹ̀rín tiyín, ìjà ni lójú tiẹ̀.

Ibi àbàtà rèé. Ẹ wo omi dúdú yẹn. Ọ̀nì wà níbí, mi ò ní kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wò ó, ẹ dúró sórí pákó. Ohun tó dà bí ìtì igi tó lẹ́yin lẹ máa rí. Tó bá wà lókè ilẹ̀ tó la ẹnu sílẹ̀ gbàgà, kò bínú sí yín, ooru ló ń mú un. Èyí tẹ́ ẹ máa tètè rí ni awọ́nríwọ́n. Ẹ gbọ́ "wàràwàrà" nínú ewé gbígbẹ, ẹ má pariwo ejò, ejò kì í pariwo tóyẹn, ẹ dúró (mo tún sọ ọ́), á yọ fúnra ẹ̀. Ahọ́n ẹ̀ là sí méjì, òun ló fi ń gbóòórùn. Òun yìí náà ló ń jí ẹyin ọ̀nì jẹ, ẹ wo ìgboyà! Ẹ má lé e, ìrù ẹ̀ ju pàṣán lọ.

Ìgalà ńkọ́? Mo ti ń wá síbí láti ọdún pípẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo rí i. Mo ti gbọ́ ọ nígbà méjì ṣá. Tó bá rí nǹkan tó bà á lẹ́rù, ńṣe ló máa ń gbó bí ajá. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní ajá ta ló wọbí. Òkété wà, ẹtu wà, àmọ́ òkété, òru lòun ń ná ọjà tiẹ̀, ihò ẹ̀ àti èèpo ẹyìn tó jẹ kù ni mo lè fi hàn yín. Ká máa lọ.

Afárá orí igi tí gbogbo yín ń dúró dè rèé. Mítà 401, wọ́n ní òun ló gùn jù nílẹ̀ Áfíríkà. Kò fẹ̀, ó ń mì, òun náà sì gbọ́dọ̀ mì, èyí tí kò bá mì ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ẹ fi àlàfo sáàárín yín. Ẹ má jẹ́ kẹ́sẹ̀ yín àti tẹni iwájú jọ máa balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tẹ́ ẹ bá jọ ń tẹ̀ ẹ́ bíi sójà, á máa jó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú yín síwájú, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ẹ di okùn mú, ẹ má fún un lọ́rùn. Ẹ̀yin gẹ́ńdé tẹ́ ẹ ń mì ín torí kí ọmọbìnrin lè dì mọ́ yín, mo ti rí yín o, ọjọ́ kan ọmọbìnrin náà á gbá yín létí lókè níbẹ̀, mo sì máa patẹ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá dé orí òpó, ẹ dúró, ọgọ́ta yẹn ṣì ni. Òkè níbí lẹ ti máa gbọ́ ẹ̀ga tó ń jà lórí ọ̀pẹ, orí igi tẹ́ ẹ ń gbójú sókè wò láàárọ̀ ti wá di ìsàlẹ̀ yín.

A ti sọ̀ kalẹ̀. Pápá rèé, wọ́n ní chess ńlá níbí, ẹni tó bá fẹ́ ta á, kó ta á. Ẹnì kan bèèrè bóyá aláboyún lè gun afárá yẹn, ìyá, ẹ jókòó sí pápá jàre, ọmọ á wá gùn ún fúnra ẹ̀. Ẹni tó tún ní irú kámẹ́rà wo ni mò ń lò...

Ẹ dúró. Ẹ wo ẹ̀yìn, lábẹ́ igi yẹn. Ọ̀bọ mẹ́ta. Mẹ́rin. Kí ni wọ́n ń wò? Àbúrò, báágì kámẹ́rà ni wọ́n ń wò o. Kí ló wà níbẹ̀?

Mo ní kí ló wà nínú báágì yẹn?