Class rep, jẹ́ iṣẹ́ náà, kí o sì jábọ̀!

Ẹ káàbọ̀ o. Ìwọ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe class rep, aṣojú kíláàsì. Ẹnì kan pariwo orúkọ rẹ láti ẹ̀yìn, gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́, o dìde, o rẹ́rìn-ín, ó parí. Níbòmíràn gọ́fánọ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò sí owó oṣù níbẹ̀, kò sí ọ́físì, kò sì sí ẹni tó jókòó tì ọ́ kó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn ọ́.

Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ wa níbí, ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ yìí ti wà. Láti 1982 ni yunifásítì ti wà ní Àgọ́-Ìwòyè, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Ogun State University, kí wọ́n tó fi orúkọ Olóyè Olábísí Ọnàbánjọ sọ ọ́ ní 2001. Babcock dé sí Ìlíṣàn ní 1999, Tai Solarin dé sí Ìjagun ní 2005. Ronú iye ọmọ tó ti dúró láàárín olùkọ́ àti kíláàsì láti ìgbà yẹn wá! Síbẹ̀, ọdọọdún ni class rep tuntun ń ṣe àṣìṣe kan náà. Èmi náà ṣe é. N ó sọ ọ́ fún ọ láìpẹ́.

N kò ní sọ bí wọ́n ṣe ń ṣí group WhatsApp. O mọ ìyẹn. N kò ní sọ bí wọ́n ṣe ń kí olùkọ́ kí wọ́n tó wọ ọ́físì wọn. Tí wọn ò bá kọ́ ọ nílé, fídíò mi ò lè kọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nìyí. Ẹni tí a rán níṣẹ́, nǹkan méjì ló wà lọ́rùn rẹ̀: kó jẹ́ iṣẹ́, kó sì jábọ̀. JÍJẸ́ IṢẸ́. JÍJÁBỌ̀. Ìyá rẹ rán ọ lọ sí ilé ìyá alátẹ pé kó fún un ní gààrí kọ́ńgò méjì, o lọ, o sọ ọ́, ìyá alátẹ ní gààrí ti tán, o wá gba ibẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù. Ṣé o ti jẹ́ iṣẹ́? O ti jẹ́ ẹ. Ìyá rẹ ńkọ́? Ó ti gbé omi ka iná, ó ń wo ojú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kíláàsì rẹ ṣe ń wo ojú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ta ló rán ọ? Dáhùn dáadáa. Ṣé kíláàsì ló rán ọ ni, àbí àwọn mẹ́ta tó máa ń pariwo jù lórí WhatsApp? Mo ti rí class rep tó sáré lọ bá olùkọ́ pé "Sà, gbogbo wa la fẹ́ kí ẹ sún test síwájú", nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó kàwé sílẹ̀, tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́ kó tán lára wọn, ló pọ̀ jù. Olùkọ́ bi kíláàsì léèrè, ojú ti ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá sọ̀rọ̀, wọn kì í gbà á gbọ́ mọ́.

Tí mo bá ń ronú sí ọ̀rọ̀ yìí, Ojúde Ọba ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ bá mi fara dà á, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo fẹ́ràn ọjọ́ yẹn jù. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn rẹgbẹ́rẹgbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, bá ń wọ ojúde Awùjalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí Gbọ́baníyì wọlé, tí Bọ́bakẹ́yẹ wọlé, wo aṣọ wọn. Aṣọ kan náà, fìlà kan náà, ẹsẹ̀ kan náà. O rò pé ojúde ni wọ́n ti fẹnu kò? Rárá! Ìpàdé ti ṣẹlẹ̀ ní àìmọye ìgbà. Ẹnì kan ti sọ pé aṣọ náà wọ́n jù, òmíràn ti bínú lọ sílé, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́, ó ti padà. Gbogbo àríyànjiyàn yẹn, ilé ni wọ́n ti parí rẹ̀. Nígbà tí olórí wọn bá dúró níwájú ọba, ohùn kan ló ń gbé lọ.

Nítorí náà, kí o tó kan ilẹ̀kùn olùkọ́, bi kíláàsì. Ojú ni kó o fi bi wọ́n tí o bá lè rí wọn, lẹ́yìn lẹ́kíṣọ̀, kí wọ́n nawọ́ sókè, kí o kà á. Àwọn tó ń gbé ní Òrù, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n máa ń sáré wọ kòrópe kí ilẹ̀ tó ṣú, má gbàgbé wọn, wọn kì í dúró ìpàdé. Bi wọ́n lórí fóònù. Tí ẹnu kò bá kò, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún olùkọ́: "Mà, àwọn 80 fẹ́ báyìí, àwọn 50 fẹ́ ọ̀hún." Òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó máa bá ọ jà lórí òótọ́.

Ó tún kù: ọwọ́ ta ni ọ̀rọ̀ náà wà? Èyí ń bí mi nínú, nítorí àwọn ọmọ á lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan. Ọjọ́ test kọ́ọ̀sì ẹ̀ka yín, olùkọ́ lè sún un. Kọ́ọ̀sì GST tí gbogbo yunifásítì jọ ń ṣe, olùkọ́ yín ò lè fọwọ́ kàn án. Èsì ìdánwò tó sọnù, ọ̀dọ̀ exam officer ẹ̀ka ni kí o kọ́kọ́ lọ, òun ló ń kó èsì jọ. Owó ilé ìwé, ọ̀rọ̀ bọ́sà nìyẹn, má lọ da HOD, olórí ẹ̀ka, láàmú. Tí olùkọ́ bá sì sọ pé èsì kò tíì lè jáde, kì í ṣe ìkà ni wọ́n ń ṣe. Ìgbìmọ̀ ẹ̀ka á yẹ̀ ẹ́ wò, ti fákọ́tì á yẹ̀ ẹ́ wò, Sẹ́néètì ló ń fọwọ́ sí i níkẹyìn. Mọ èyí, kí o lè ṣàlàyé rẹ̀ fún kíláàsì, dípò kí ẹ jọ máa bú ènìyàn.

Ó dáa. Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣe àṣìṣe dé wàyí. ÀBỌ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní yunifásítì tí mo lọ, nígbà tí mo wà ní 200 level, olùkọ́ kan fi test sí ọjọ́ Ojúde Ọba gan-an. Ìjọba ti fún wa ní ìsinmi Iléyá, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta kò sí nínú ìsinmi. Kíláàsì rán mi pé kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Mo lọ. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí n wò ó." Inú mi dùn, mo jáde. Nígbà tí kíláàsì bi mí, mo ní, "Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀." Ohun tí mo sọ kò ju ìyẹn lọ. Lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé kò sí àyè, ọjọ́ náà dúró.

Mo sì pa á mọ́ra.

N kò pa á mọ́ra láti ṣe ìkà. Ojú ń tì mí láti kó ìròyìn burúkú bá wọn. Mo ní n ó tún padà lọ bẹ̀ wọ́n kí n tó sọ ọ́, pé bóyá n ó lè mú ohun rere bọ̀. Olùkọ́ ti lọ sílé Iléyá, n kò rí wọn mọ́. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú test ni mo wá kọ ọ́ sórí group, nígbà tí àwọn kan ti sùn, tí dátà àwọn mìíràn ti tán. Láàárọ̀, ọ̀rẹ́ mi kan pè mí láti Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ń gbọ́ ìlù lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni? Mo ti wé gèlè." Ènìyàn 19 ni kò kọ test yẹn. Ẹ mọ̀ pé nínú ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì, máàkì 30 tàbí 40 nínú 100 ni wọ́n ń fún test àti àwọn iṣẹ́ tó ṣáájú ìdánwò. Ọ̀rẹ́ mi yẹn gbé kọ́ọ̀sì náà, ó tún un ṣe lọ́dún kejì pẹ̀lú àwọn àbúrò wa.

Olùkọ́ kò ṣẹ̀ wá. Wọ́n dáhùn ní kíákíá. Èmi ni ìdáhùn náà kú sí lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ o, ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, gbọ́ mi: "RÁRÁ" PẸ̀LÚ JẸ́ ÀBỌ̀. "Wọn ò tíì dáhùn" jẹ́ àbọ̀. "Mi ò bá wọn lọ́fíìsì" jẹ́ àbọ̀. Jábọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó di alẹ́, bó ti wù kó kéré tó. Nǹkan mẹ́ta péré ni kí o sọ. Ohun tí mo béèrè nìyí. Ohun tí wọ́n sọ nìyí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ọjọ́ tí n ó padà lọ nìyí. Àpẹẹrẹ: "Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún test láti ọjọ́ Tuesday sí Friday. Wọ́n ní àwọn á wò ó. Títí wọ́n á fi dáhùn, Tuesday ni test, ẹ kàwé. Ọ̀la ní aago méjì n ó padà lọ." Ṣé o rí "Títí wọ́n á fi dáhùn" yẹn? Gbólóhùn yẹn ni mi ò kọ. Òun ni ì bá gba ènìyàn 19 là.

Ọ̀rẹ́ mi kan jẹ́ class rep nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá 2022. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ó máa ń kọ ọ́ sórí group: "Kò tíì sí ìròyìn. Èmi náà ń retí. Ẹ kú ìfaradà." Nígbà tí wọ́n wọlé padà, kò sí ẹni tó ní òun kò gbọ́ nínú kíláàsì rẹ̀.

Tí iṣẹ́ tí olùkọ́ rán ọ bá korò ńkọ́? Wọ́n á bínú, wọ́n á ní, "Sọ fún àwọn olóríkunkun yẹn pé mi ò gba assignment kankan lẹ́yìn Friday." Àwọn àgbà ti yanjú ìyẹn fún wa: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n wò ó, ibí yìí náà ni wọ́n ti ń ṣì í lóye. Yọ èébú kúrò. MÁ YỌ FRIDAY KÚRÒ. Má sọ pé "wọ́n fẹ́ kí ẹ gbìyànjú kí ẹ tètè mú un wá". Ọjọ́, aago, iye, àti "rárá", wọn kì í rọ̀ wọ́n lójú. Bákan náà ni tí kíláàsì bá ń bínú sí olùkọ́: gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn lọ, fi ariwo sílẹ̀.

Owó. Kíákíá ni n ó sọ ọ́. Má kó owó kíláàsì sí àkáǹtì ara rẹ láìsí ẹnìkejì tó ń rí i. Kọ orúkọ ẹni tó san, gbé e sójútáyé lálaalẹ́. Owó handout tó sọnù ti ba orúkọ ọmọ rere jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tí a fi ń mọ ẹni tó wá sí kíláàsì: má fọwọ́ sí i fún ọ̀rẹ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kò ní jẹ́ kí ẹni tí kò wá tó ìdá 75 nínú 100 jókòó ṣe ìdánwò. Tí o bá fọwọ́ sí i fún ẹnì kan, gbogbo kíláàsì á fẹ́ kí o ṣe é fún àwọn náà.

Àmọ́ jọ̀ọ́, tẹ́tí sí èyí. Tí ọmọbìnrin kan bá wá bá ọ ní kọ̀rọ̀ pé olùkọ́ kan ń yọ òun lẹ́nu, kì í ṣe ọ̀rọ̀ group nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wàá gbé lọ síbì kankan láìjẹ́ pé òun ló rán ọ. Gbọ́ ọ, gbà á gbọ́, bi í léèrè ẹni tó fọkàn tán, bóyá course adviser, bóyá ìyá tó wà ní ọ́físì àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí o sì bá a rìn débẹ̀ tó bá fẹ́. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ gbọ́dọ̀ pa mọ́ nìyí.

Èmi máa ń lo ìwé kékeré kan, èyí tó ń wọ àpò. Mo pín ojú ewé rẹ̀ sí mẹ́rin: ọjọ́, ẹni tó rán mi, iṣẹ́, àbọ̀. Tí ibi àbọ̀ bá ṣófo, mi ò kì í sùn. Lẹ́yìn test yẹn ni mo rà á.

Wàyí o, mú fóònù rẹ. Iṣẹ́ kan wà tí kíláàsì rán ọ lọ́sẹ̀ yìí, tí o ti jẹ́, tí o ò tíì jábọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó wà. O ń dúró kí ó kọ́kọ́ dáa kí o tó sọ ọ́. Dá fídíò yìí dúró, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn.