Ṣíìpù 74HC00 kan ṣoṣo, ẹ fi ro 1 mọ́ 1

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ ti bèèrè títí bí a ṣe lè fi ṣíìpù kan ṣoṣo ro 1 mọ́ 1, ó yá. NAND (ẹnu-ọ̀nà tó ń pinnu bóyá iná á jáde) mẹ́rin ló wà nínú 74HC00: ibi méjì ni iná ń gbà wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi kan ló ń gbà jáde. 1 (iná wà; 0 ni iná ò sí) ló máa ń mú jáde, àfi bí méjèèjì tó wọlé bá jẹ́ 1.

Ẹ kọjú ibi tó ya lẹ́nu lára ṣíìpù yìí sápá òsì. Ẹsẹ̀ 1 wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ẹ kà á lọ sápá ọ̀tún dé 7, kí ẹ gba òkè padà dé 14. Ẹ gbé e la kòtò àárín breadboard (pátákó oníhò tí a ń ki wáyà bọ̀) kọjá. 14 sí 5V, 7 sí GND (ìlà 0V). Capacitor 100 nF (ó ń mú kí iná dúró jẹ́ẹ́) láàárín méjèèjì, pẹ́kípẹ́kí. Ẹ má fò ó o!

Bọ́tìnnì A láti 5V sí ẹsẹ̀ 1 àti 4. B sí 2 àti 10. Bí a ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Ibí yìí lẹ ti máa ń bí mi nínú. Ẹsẹ̀ tí a ò so mọ́ nǹkan kan kì í ṣe 0! Ẹ ó rí i pé ìka yín ò tíì kàn án, iná ti ń ṣẹ́jú. Resistor 10k (ó ń dín iná tó ń kọjá kù) láti ẹsẹ̀ 1 sí GND, òmíràn láti ẹsẹ̀ 2, ó parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ra 74LS00 (ẹ̀yà àtijọ́ ṣíìpù yìí), 470 ohm ni tiyín, torí ẹsẹ̀ LS ń tú iná jáde fúnra ẹ̀, 10k ò lè fà á wálẹ̀.

Wáyà tó kù, kíákíá: 3 sí 5, 3 sí 9, 6 sí 12, 8 sí 13. Láti 11, resistor 1k, LED (iná kékeré) pupa, GND.

Ẹ tẹ A, ó tàn. B, ó tàn. Ẹ tẹ méjèèjì pọ̀, ó kú. XOR nìyẹn: ọ̀kan nínú méjèèjì, kì í ṣe méjèèjì pọ̀. Bí kò bá tàn rárá, ẹ wo ìlà pupa etí breadboard. Ti àwọn kan já láàárín, iná ò dé ìdajì kejì.

Ẹnìkan ní kí n kúkú ra 74HC86, XOR mẹ́rin ti wà nínú ẹ̀. Ẹ rà á. Àmọ́ ẹ wo èyí: LED kejì lápá òsì, ẹsẹ̀ gígùn sí 5V láti inú 1k, kúkúrú sí ẹsẹ̀ 3. Ìgbà tí A àti B bá jẹ́ 1 nìkan ni ẹsẹ̀ 3 ń bọ́ sí 0, ìgbà náà nìkan ni LED yìí ń tàn. Ẹ tẹ méjèèjì: ti òsì tàn, ti ọ̀tún kú. Tàn ni 1, kú ni 0: 10 nìyẹn, èjì lédè kọ̀ǹpútà.