Hakeem Ọlájuwọ́n àti Owó Tí Kò Bá Èlé Rìn

Ẹ kú ìjókòó o. Ilé kan wà ní òpópónà Main ní ìlú Houston, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n kọ́ fún báńkì lọ́dún 1928. Àwọn òpó gàgàrà wà níwájú rẹ̀. Lọ́dún 1994, Hakeem Ọlájuwọ́n ra ilé náà, ó sì sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí àti ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀sìn. Nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń ṣírò owó èlé nígbà kan ni àwọn Mùsùlùmí ti ń kírun báyìí.

Ọmọ Èkó ni Hakeem, ọdún 1963 ni wọ́n bí i. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gba ife NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n tó ga jù ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ Houston Rockets, ní 1994 àti 1995. Ti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kọ́ ni mo wá sọ. Bí owó ṣe dúró sí i lọ́wọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí owó kì í dúró sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù.

Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì ní 2002, owó iṣẹ́ rẹ̀ lápapọ̀ ti lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tó di 2006, ìròyìn gbé e pé èrè tó rí lórí ilẹ̀ àti ilé ní Houston náà ti tó bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ lé. Owó ọwọ́ ló fi ń rà wọ́n. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ka èlé léèwọ̀, Hakeem kò sì yá owó báńkì. Lójú tèmi, ọmọ oníṣòwò náà tún hàn nínú rẹ̀: sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà l'Ékòó.

Ẹ wo bó ṣe ṣiṣẹ́. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní 1986, owó ilẹ̀ Houston já tẹ̀lé e. Àwọn tó yáwó ra ilẹ̀ ò rówó san, báńkì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn báńkì kan pàápàá wó. Ọlájuwọ́n ti wà nílùú náà láti 1980 tó ti wá kàwé, ìṣojú rẹ̀ ló ṣe. Nígbà tó yá, àárín ìlú tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọjí: pápá ìṣeré ńlá kan ṣí ní 2000, reluwé ìgboro bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Ẹni tí kò jẹ gbèsè lórí ilẹ̀ rẹ̀ lè jókòó tì í títí owó rẹ̀ á fi gòkè. Owó orí ilẹ̀ nìkan ni yóò máa san, ìyẹn sì wúwo ní Texas, torí pé ìpínlẹ̀ náà kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ kó gbogbo owó rẹ̀ sínú ilẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ ká fi Antoine Walker, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n mìíràn, wé Ọlájuwọ́n. Òun náà gba owó tó lé ní 108 mílíọ̀nù dọ́là, òun náà gba ife NBA, pẹ̀lú Miami Heat ní 2006. Òun náà kówó lé ilé, ní Chicago. Àmọ́ owó tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yá ni wọ́n fi ń ṣe é, òun fúnra rẹ̀ ló sì ṣe oníduúró. Nígbà tí ọjà ilé dẹnu kọlẹ̀, gbèsè ilé-iṣẹ́ bọ́ sí i lọ́rùn. Ní 2010, ó lọ sílé ẹjọ́ pé òun ò lè san gbèsè mọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an pé kò fi ìtàn náà pamọ́; ó ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá kí wọ́n lè ṣọ́ra.

Nígbà kan tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí tán, ọ̀dọ́mọkùnrin kan béèrè pé ta ló lè fi owó ọwọ́ ra ilé láyé yìí. Ìbéèrè gidi ni. Òṣìṣẹ́ tí yóò ṣiṣẹ́ títí di ẹni ọgọ́ta ọdún lè yáwó, kó sì san án tán. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 39 ni Ọlájuwọ́n nígbà tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni kì í sì í pẹ́ tó o. Ẹ̀yáwó ilé ní Amẹ́ríkà sábà máa ń tó ọgbọ̀n ọdún. Bí ọmọ ọdún 25 bá tọwọ́ bọ̀wé rẹ̀, owó oṣù á ti dáwọ́ dúró tipẹ́ kí gbèsè tó tán. Mo ní kó kọ́kọ́ fi iye ọdún ẹ̀yáwó náà wé iye ọdún tó ṣẹ́kù fún un lórí pápá.