Kí Lẹ Tẹ̀ Tí Ìwé Ò Fi Jáde?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Àkọ́sórí ni ọ̀pọ̀ yín yóò fi yege kọ́ọ̀sì Use of Library, ṣùgbọ́n àkọ́sórí kì í mú ìwé jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé ìdí ṣẹ́ẹ̀fù. Ètò Library of Congress, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi lẹ́tà àti nọ́ńbà to ìwé sí orí ṣẹ́ẹ̀fù, ni ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì wa ń lò, ti Ifẹ̀ sì wà lára wọn. DT515 ni ìtàn Nàìjíríà, DT515.45.Y67 ni ti ẹ̀yà Yorùbá, PL8821 ni ti èdè wa. (Níbi tí wọ́n bá ti ń lo Dewey, ètò mìíràn tó ń fi nọ́ńbà to ìwé, 496.333 ni kí ẹ wá èdè náà lọ.) Ẹ ka lẹ́tà ṣáájú, lẹ́yìn náà nọ́ńbà tó wà ṣáájú àmì ìdánudúró bí ẹ ṣe ń ka owó: DT99 ṣáájú DT515. Àmọ́ tí ẹ bá ti kọjá àmì náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kíkà. 515.45 ṣáájú 515.9, Y67 sì ṣáájú Y7. Ibí gan-an lẹlòmíràn ti ń rìn kọjá ìwé, tí yóò ní wọ́n ti jí i. Bí ẹ bá sì kàwé tán, orí tábìlì ni kí ẹ fi í sílẹ̀. Ìwé tí ẹ bá dá padà síbi tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọnù nìyẹn.

Kọ̀ǹpútà ló wá le jù. Ká ní àdìrẹ Abẹ́òkúta lẹ fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹ má tẹ gbogbo àkòrí iṣẹ́ yín sínú katalọ́ọ̀gù, ìyẹn àkójọ ìwé ilé-ìkàwé tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ìwé tó ní gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò máa wá, kò sì ní rí i. Ẹ tẹ adire AND Abeokuta: AND ní kí ó wá ìwé tó ní ọ̀rọ̀ méjèèjì. Bí èsì bá kéré, ẹ fi OR Egba kún un (OR ní kí ó mú èyíkéyìí nínú wọn), ṣùgbọ́n ẹ fi àkámọ́ de Abeokuta àti Egba pọ̀, báyìí: adire AND (Abeokuta OR Egba), àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ìwé tó dárúkọ Ẹ̀gbá ni yóò ya lù yín. Ẹ tún gbìyànjú indigo, ìyẹn aró: òǹkọ̀wé mìíràn ò dárúkọ àdìrẹ rárá.

Àmì ohùn ńkọ́? Ọ̀ tí ojú wa rí bí ẹyọ kan, kọ̀ǹpútà lè tò ó jọ ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ọ tó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀ tí a gbé àmì ohùn lé, tàbí o lásán tí a so àmì méjèèjì mọ́. Bí ti katalọ́ọ̀gù bá yàtọ̀ sí ti kíbọ́ọ̀dù yín, wọ́n lè ṣàì bára mu. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ láìfàmì sí i, kí ẹ tó wá fàmì sí i. Ẹ ṣáà mọ̀ pé láìsí àmì, oko, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti di ọ̀kan náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kejì tì í lẹ́yìn.

PDF náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí Ctrl+F, bọ́tìnnì tí a fi ń wá ọ̀rọ̀, bá ní òun ò rí nǹkan, ẹ fi máòsì fa ìlà sórí ọ̀rọ̀ kan. Bí kò bá mú un, fọ́tò ojú-ìwé lẹ ń wò. Ẹ lọ wo atọ́ka tó wà lẹ́yìn ìwé.